Ìlà Kọfí Ìyá Mi Lórí Òkè

Ọdún tí ìyá mi kú ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé l'Ábùjá fẹnu kò pé bàámi ò lè máa dá gbé lórí òkè mọ́. Abúlé wa ò tóbi. Ó wà lókè pátápátá lẹ́yìn Kàbbà, níbi tí ọkọ̀ máa ń kérora kó tó gùn ún dé òkè, tí kùrukùru sì máa ń bo òrùlé láàárọ̀. Kọfí ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú, àwọn ilé tí èéfín ń jáde níbẹ̀ ò pọ̀ mọ́. Mo bá lọ mú bàámi wá sí Peckham ní London, níbi tí mò ń gbé, pé kí wọ́n wá lo oṣù mélòó kan lọ́dọ̀ mi.

Mo rò pé ìsinmi ni mo fún wọn. Ilé mi gbóná, tẹlifíṣọ̀n wà, mo sì ra àga tó rọ̀ múlọ́múlọ́. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé bàámi kì í jókòó sínú àga náà. Lewisham ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ń tọ́jú àwọn arúgbó. Bí mo bá ti dé, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo máa ń bá bàámi, lórí ìdúró, pẹ̀lú fìlà, kóòtù, àti bàtà lẹ́sẹ̀.

"Bàámi, ta lẹ ń dúró dè?"

"Mi ò dúró de ẹnì kankan. Bàtà ni mo wọ̀."

"Ibo lẹ fẹ́ lọ?"

"Tí mo bá mọ ibẹ̀, ṣé o ṣì máa bá mi níbí?"

Mo mú wọn lọ sí Rye Lane, òpópónà ọjà Peckham. Wọ́n rí iṣu, wọ́n rí ẹja gbígbẹ, wọ́n gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe àti lẹ́nu obìnrin tó ń dirun, wọ́n sì kí àwọn méjèèjì dáadáa. Síbẹ̀ ojú wọn ń wá nǹkan kiri, bíi ti ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Mo tún mú wọn wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kọfí. Lábúlé wa, a kì í mu ún. A ń ká a, a ń sá a, a ń kó o fún àwọn tó ń wá rà á, ó parí. Ní Peckham ni bàámi ti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò láyé wọn. Wọ́n tún mu díẹ̀ sí i.

"Ó korò," ni wọ́n wí, "àmọ́ kì í ṣe kíkorò tó ń lé ni."

Wọ́n mu ún tán pátá. Lọ́jọ́ yẹn, ara wọn ò wá balẹ̀ rárá. Wọ́n ń lọ láti fèrèsé sí ilẹ̀kùn, láti ilẹ̀kùn sí fèrèsé.

Láàárọ̀ Sátidé kan tí òtútù mú gan-an, mo jáde nílé ìwẹ̀, mi ò rí wọn mọ́. Fóònù wọn wà lórí tábìlì. Sálúbàtà ni mo fi sáré jáde. Mo bi alápatà, mo bi àwọn bàbá tó dúró níwájú mọ́ṣáláṣí, mo yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́, níbi tí àwọn akọrin ti ń dánra wò. Kò sẹ́ni tó rí wọn. Obìnrin tó ń dirun ló wá pè mí látẹ̀yìn.

"Aunty, ṣé Daddy yín lẹ ń wá? Wọ́n bi mí pé ibo ló ga jù ládùúgbò yìí. Mo ní kí wọ́n máa gun òkè Nunhead lọ."

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé Peckham, mi ò gun òkè yẹn rí. Èémí mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí n tó tajú kán rí fìlà wọn. Wọ́n dúró láàárín igi, gbogbo London tẹ́ rẹrẹ níwájú wọn.

"Bàámi, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Mo ti fẹ́ pe ọlọ́pàá!"

"Má bínú. Ìlú yín tẹ́ bí ẹní. Mo ní kí n wá ibi tí mo ti lè rí ibi tí mo wà."

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tán.

"Òjò àkọ́kọ́ ò ní pẹ́ rọ̀ nílé," ni wọ́n wí. "Kọfí máa tanná. Mo fẹ́ wà níbẹ̀."

"Ta ló máa dáná fún yín? Tí ẹ bá ṣubú ńkọ́?"

"Tí mo bá ṣubú, ilẹ̀ tó mọ̀ mí ni mo ṣubú sí." Wọ́n wo sálúbàtà ẹsẹ̀ mi. "Ìwọ tó ń bá mi jà, ṣé ara tìẹ balẹ̀? Orí ìdúró lo ti ń jẹun, bí ẹni tí wọ́n ń lé."

Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ.

Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, a sì jọ lọ sílé. Inú bí àbúrò mi. "Ẹ̀yin náà lẹ ní ká mú wọn kúrò," ló ń sọ, síbẹ̀ òun ló wá pàdé wa ní pápákọ̀ òfuurufú tó sì fi ọkọ̀ gbé wa délé. Òjò ti rọ̀ kí a tó dé. Bí ọkọ̀ ṣe gun òkè tán ni òórùn dídùn pàdé wa. Òdòdó ti bo ẹ̀ka kọfí, ó funfun báláú, oyin ń kùn káàkiri.

Inú mi dùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ti ń rìn sókè rìn sódò lórí àpáta ẹ̀yìnkùlé, mo ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Obìnrin aládùúgbò wa, ọ̀rẹ́ ìyá mi, ń wò mí, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ilẹ̀ ń jó ọ lẹ́sẹ̀ ni?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní Peckham, abúlé ni mò ń rò. Lábúlé, mò ń rò ó bóyá bọ́ọ̀sì àárọ̀ tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ ti lọ.

Lẹ́yìn náà ni bàámi gbé ayùn lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì mú mi lọ sóko. Wọ́n dúró níwájú ìlà kọfí tí ìyá mi fọwọ́ ara wọn gbìn nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré.

"A máa gé e."

"Èyí tó ń tanná yìí?"

"Ó ń tanná ni, kò so dáadáa mọ́. Ó ti gbó. Tí a bá gé e mọ́lẹ̀ báyìí tí òjò bẹ̀rẹ̀, kùkùté á rúwé. Ìyá rẹ ló ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ká gé e. Lẹ́yìn tó lọ, ọwọ́ mi ò gbé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o bá mi wá."

"Ìgbà wo ló máa tó so?"

"Bí ọdún mẹ́ta."

Mo wo irun orí wọn tó ti funfun. Ohun tí mò ń rò yé wọn.

"Tí kì í bá ṣe èmi, ẹlòmíràn á ká a," ni wọ́n wí, wọ́n sì di ẹ̀ka àkọ́kọ́ mú fún mi.

Mo fa ayùn. Òdòdó ń já sí mi lórí, oyin ń yí mi ká, wọn ò fẹ́ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Mo ń sunkún, mo ń gé e lọ, bàámi ń di ẹ̀ka mú. Nígbà tí a parí, ìlà náà dà bí ẹni tí wọ́n fá lórí. Bàámi wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n sì sùn lọ lábẹ́ igi tó kù.

Mi ò tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi padà. Obìnrin aládùúgbò wa gbà láti máa gbé oúnjẹ fún wọn, àbúrò mi ló ń lọ wò wọ́n. Bàámi pè mí nígbà tí òjò wọlé dáadáa: gbogbo kùkùté ti rú, àfi ọ̀kan tó wà lẹ́bàá àpáta.

Níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi bi mí bóyá mo fẹ́ kí wọ́n gbà mí síṣẹ́ títí lọ. Mo ní kó fún mi láyè láti rò ó. Lọ́jọ́ tí mi ò bá ṣiṣẹ́, mo máa ń rìn lọ sí àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Elephant, kí n gba àdúgbò Aylesbury kọjá níbi tí wọ́n ti ń wó ilé, kí n sì rìn padà láìra ohunkóhun. Lánàá, bàámi bi mí bóyá n ó wá bá wọn ká kọfí orí ìlà tí a ò gé. Mo ní mi ò tíì mọ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé, àmọ́ wọ́n ní òjò ń ṣú bọ̀, nǹkan wà ní sísá níta, wọ́n sì pa fóònù.