Ọyẹ́ Lẹ́yín Ládàánì

Ọyẹ́ ti bo Kubwa ní oṣù kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì eyín. Láti ojú fèrèsé ilé ìwòsàn wa, àwọn òrùlé rí bàìbàì bí ohun tí èèyàn rí lójú àlá. Inú kùrukùru yẹn ni Bàbá Ládàánì ti yọ sí wa, wọ́n fi aṣọ bo ẹnu.

Káfíńtà ni wọ́n ní Dei-Dei, ọmọ Ìwó. Àwọn náà ló ń pe ìrun ní mọ́sálááṣí àdúgbò wọn.

"Ọmọ mi, bá mi yọ eyín tó ń dùn mí," wọ́n wí. "Láti ọjọ́ Jímọ̀, bí mo bá ti la ẹnu tí afẹ́fẹ́ kàn án, á ta mí títí dé etí. Mi ò lè pe ìrun mọ́."

Mo tan iná sí wọn lẹ́nu. Mi ò rí ihò, mi ò rí ibi tó dúdú.

"Bàbá, kò sí nǹkan tó ṣe eyín yín."

Wọ́n tún fa aṣọ bo ẹnu. "Ó dáa. Bóyá Ọlọ́run ló ní kí n dákẹ́."

Bí wọ́n ṣe dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n Dókítà wa, ìyá Ìjẹ̀bú kan tí kì í kánjú, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá wà lórí òrùlé, ibo lẹ ń fi ìṣó sí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Eyín ni mo fi ń dì í mú! Ṣebí ọwọ́ méjèèjì ti níṣẹ́."

Dókítà fún mi ní irinṣẹ́ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn, wọ́n ní kí n fẹ́ ẹ sí eyín kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, Bàbá ta gìrì. Eyín náà ti là tín-ín-rín bí irun, níbi tí ìṣó máa ń wà. Erìgì wọn náà ti sún sókè, nítorí búrọ́ọ̀ṣì líle tí wọ́n fi ń ha ẹnu.

"Awọ líle ló bo eyín," Dókítà ṣàlàyé. "Bó bá là, tàbí tí ohun kíkan jẹ ẹ́, tàbí tí erìgì sún, òtútù á ráyè wọlé."

Wọ́n dí ojú ibi tó là. Wọ́n wá fún Bàbá ní búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n ṣe fún eyín tó ń ta èèyàn.

"Ẹ fi ìka pa díẹ̀ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ má ṣan án. Bí ẹ bá jẹ ọsàn, omi ni kẹ́ ẹ fi yọ ẹnu. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan kẹ́ ẹ tó fọ eyín. Ìṣó ńkọ́?"

"Màá rán àpò sí ìbàdí," Bàbá dáhùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo lọ ra ilẹ̀kùn ní Dei-Dei. Lọ́sàn-án, láàárín eruku àti òórùn pákó tútù, ohùn kan gòkè, ó gùn, ó mọ́ lóló. Ọkàn mi mọ̀ ọ́n kí n tó yíjú. Bàbá ni, wọ́n la ẹnu gbàgàdà sínú ọyẹ́, wọ́n ń pe ìrun. Mo dúró láàárín àwọn pákó títí wọ́n fi parí.

Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò sí ohun tó ṣe eyín rẹ̀ láìkọ́kọ́ bi í pé, "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"