Ilẹ̀ Tí Ìyàwó Àbúrò Ọkọ Mi Rà

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló kọ́kọ́ ra ilẹ̀ nínú ilé wa. Ó ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ yìí, ó ṣì ń ta mí lára.

Èmi ni ìyálé. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ṣáájú rẹ̀ wọ ilé wa ní Sabon Gari, Kano, ilé tí bàbá ọkọ wa kọ́ nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gbé mi wá. Èmi ni mo fi ilé han ìyàwó yìí. Èmi ni mo sọ fún un pé bàbá kì í jẹ ata púpọ̀, pé ìyá kò fẹ́ kí wọ́n gbá ilẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀, èmi ni mo wẹ ọmọ náà títí ìwọ́ rẹ̀ fi já. Ohun kan ṣoṣo tó fi jù mí lọ nígbà náà ni èdè Hausa. Kano ni wọ́n bí i sí, ní Railway Quarters, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ọmọ Hausa bó bá ń sọ̀rọ̀. Hausa tèmi kò ju ti ẹni tó ń ná aṣọ ní Kantin Kwari lọ. Ibẹ̀ ni mo ti ń ra àńkárá àti léèsì tí mo ń tà níwájú ilé wa. Òun ní tirẹ̀ ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ ní Noman's Land.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, gbogbo wa jókòó sídìí ìrẹsì. Ìyàwó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ mi, ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Mo ti ra ilẹ̀ oko díẹ̀ lọ́nà Wudil."

Ọkọ mi ju ṣíbí sílẹ̀. Ó fọwọ́ lé e lórí, ó súre fún un, lẹ́yìn náà ó wojú mi, ó ní, "Ìyàwó yìí mà lójú inú o."

Mo ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ẹnu mi ló sọ ọ́. Mo ti abọ́ ìrẹsì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ọdún tí mo ti ń jí lọ sí Kantin Kwari, ọkọ mi kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa mi rí.

Àtìgbà náà ni ilẹ̀ yẹn ti wọ ilé wa bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Ó gbé ẹ̀pà dé, ó bu tèmi fún mi. Ó gbé ẹyin awó dé, ó ka méjìlá sínú abọ́ mi. Nígbà ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́tò ló fi kó àgbàdo wá, wòlíì sì pè é jáde, wọ́n ní kí gbogbo ìyá ìjọ wo àwòkọ́ṣe. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ mi fi pọ́n. Mo délé, mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láìbọ́ súùtánà mi. Mo bi ara mi pé kí ni mo ṣe fún Ọlọ́run.

Mo pinnu pé mo máa ra tèmi, yóò sì tóbi ju tirẹ̀ lọ.

Mo kọ́kọ́ bi í léèrè bó ṣe ṣe é, mo ṣe bíi pé ọ̀rọ̀ lásán ni. A wà ní kíṣìnnì, ó ń bó iṣu. Ó dáhùn pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀.

"Ìyálé mi, ó gba sùúrù o. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ kí n tó sọ pé mo fẹ́. Mo lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo tún lọ nígbà òjò, kí n lè rí ibi tí omi ń gbà. Mo lọ kí Mai Unguwa, baálé abúlé náà, kó mọ̀ mí lójú. Mo bi àwọn tó ń dáko yí i ká pé ta ló nilẹ̀. Mo bi àwọn obìnrin tó ń fa omi ní kànga pé bí ejò bá bu ènìyàn ṣán, ibo ni wọ́n ń gbé e lọ."

"Ejò kẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. "O ti fẹ́ máa sùn síbẹ̀ ni?"

"Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ má dá lọ, ẹ má gbé owó lọ, ẹ sì má jẹ́ kí aago mẹ́rin bá yín nínú igbó. Bí ẹ bá ń fẹ́, mo máa bá yín lọ."

Mo ní mi ò fẹ́ nǹkan kan, pé mo kàn béèrè ni. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ń sọ pé, wò ó, kò fẹ́ kí n ní tèmi. Ó ń fi ejò àti igbó dẹ́rù bà mí kó lè dá nìkan jẹ́ onílẹ̀. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nígbà náà ó dá mi lójú bí orúkọ mi.

Dílálì kan, alágbàtà ilẹ̀, wà tó máa ń mu tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra aṣọ. Mi ò mọ ilé rẹ̀, mi ò mọ ará rẹ̀ kankan. Ojú nìkan ni mo mọ̀. Ó gbọ́ pé mò ń wá ilẹ̀, ó ní òun ní ọ̀kan tó tó ìlọ́po méjì èyí tí ẹnikẹ́ni ní lọ́nà Wudil. Ìlọ́po méjì yẹn ni mo gbọ́. Ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba orí mi kọjá.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Mo sọ fún ọkọ mi pé mò ń lọ gba gbèsè aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà kan. Ọmọbìnrin mi wo bàtà tí mo wọ̀, ó ní, "Mummy, who go follow you?" Mo ní kó lọ ka ìwé rẹ̀. Mo di owó mọ́ ìdí nínú tòbí, nítorí dílálì ní ẹlòmíì ti ń bọ̀ wá wo ilẹ̀ náà, pé ẹni tó bá tètè sanwó ló ni ín.

A wọ bọ́ọ̀sì, a sọ̀ kalẹ̀, a gun ọ̀kadà méjì. Ọ̀kadà kúrò ní títì, ó wọ ọ̀nà iyanrìn, ó kọjá abúlé kan, ó kọjá òmíràn. Mo wo fóònù mi: nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Mi ò rí ilé mọ́, igi oṣè lásán ló kù, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí ilẹ̀ náà, mo gbàgbé gbogbo rẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Erùpẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó sán gbàràgbàrà bíi gìgísẹ̀ àgbà. Kò sí òkúta, kò sí kùkùté. Mo dúró síbẹ̀, àlá sì ń gbé mi lọ. Mo rí ọkọ mi tó ń na ọwọ́ sí i tó ń fi han àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rí ìyàwó tó dúró sẹ́yìn, tó ń wo ilẹ̀ mi láìsọ̀rọ̀. Ojú tó máa ṣe ni mò ń wá kiri nínú àlá yẹn. Èmi kò tilẹ̀ ronú ohun tí mo máa gbìn.

Mo bi dílálì pé, "Onílẹ̀ dà?"

Ó ní ó ń dúró dè wá níwájú, lẹ́yìn àwọn igi kan. Ọlọ́kadà mi ti yí ọ̀kadà rẹ̀ padà, ó ti lọ; mi ò sọ pé kó lọ. Àwọn ọkùnrin méjì jáde láti ibi igi náà. Àwọn àti dílálì ń sọ Hausa tó yára ju tèmi lọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi "kudi", owó, tí mo gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Dílálì yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Hajiya, ṣé o mú un wá?"

Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kò sí ẹnì kan láyé yìí tó mọ ibi tí mo wà.

Ọlọ́run ló ní kí obìnrin Fúlàní kan máa kọjá lọ, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, wọ́n ru igbá wàrà. Mo pariwo, "Sannu! Sannu, zo!" pé kó wá, bí ẹni tí òùngbẹ wàrà fẹ́ pa. Ó yà wá, ó sọ igbá kalẹ̀, ó ń wò mí tìyanu-tìyanu, ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀. Mo nàka sí ilẹ̀, mo ní mo fẹ́ rà á.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. "Hanyar shanu ce!" Ọ̀nà màlúù ni. Ó na ọwọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi hàn mí bí àwọn màlúù ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó tún ní bí òjò bá dé, omi ló ń bò ó; ó fọwọ́ kan ìgbáròkó rẹ̀ kí n lè mọ ibi tí omi ń dé. Dílálì bú u. Obìnrin náà bú u padà, ó gbé igbá rẹ̀ rù.

Mo yára tẹ̀ lé e. Dílálì ń pè mí, "Hajiya! Hajiya!" Mi ò bojú wẹ̀yìn wo òun tàbí àwọn ọkùnrin méjì yẹn. Mo di aṣọ ọmọbìnrin yẹn mú létí bí ẹni tó fọ́jú. A rìn títí a fi dé abúlé wọn, wọ́n sì mú mi jókòó níwájú ilé Mai Unguwa tiwọn, lábẹ́ igi dóńgóyárò.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré. Ta ni mo fẹ́ pè? Mo ti purọ́ fún ọkọ mi. Ọmọ mi kò mọ̀nà. Ìyàwó ni mo pè níkẹyìn, mo sọ fún un pé iwájú ilé Mai Unguwa ni mo wà.

Kò bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Ó ní, "Ta ló wà lọ́dọ̀ yín? Ṣé wọ́n fọwọ́ kàn yín? Ẹ má kúrò níbẹ̀. Ẹ fún Mai Unguwa ní fóònù."

Bàbá arúgbó náà gbé fóònù sétí. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n kí ara wọn, wọ́n tún kí ara wọn. Bàbá tó ti ń wò mí tẹ́lẹ̀ bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó sọnù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí, ó ní kí wọ́n gbé omi àti fùrá tí wọ́n fi wàrà pò wá fún mi. Ẹ gbà mí, inú ewu ni mo ti ń bọ̀, òógùn kò tíì gbẹ lára mi, síbẹ̀ mo jowú. Mo jowú bí ohùn rẹ̀ nìkan ṣe sọ mí di ènìyàn níwájú àwọn tí kò mọ̀ mí rí.

Ìyàwó yá mọ́tò arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi wá gbé mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe, ó wo ojú mi, ó wo ọrùn mi, ó wo ọwọ́ mi. A wọ mọ́tò. Nígbà tí a dé títì, ó sọ̀rọ̀ láìwò mí.

"Ká ní wọ́n pa yín síbẹ̀, èmi ni wọn ì bá sọ pé mo pa yín. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ẹ̀ ń jowú mi, Ìyálé mi."

Èmi ti rò pé mo fi í pamọ́. Kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọkọ mi. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún un lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, nítorí mi ò lè gbà kí ìyàwó tún fi bíbo àṣírí mi kún ohun tó fi jù mí lọ.

Nígbà tí òjò dé, ìyàwó mú mi padà lọ sí ibẹ̀, a dúró lórí òkè kan lókèèrè. Omi pupa ló bo ibi tí mo ti dúró lálàá. Orí igbó kéékèèké nìkan ló yọ.

Mo ti ní ilẹ̀ báyìí. Kò tó ìdajì tirẹ̀, abúlé kan náà ni méjèèjì sì wà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo lọ kí n tó rà á, mi ò dá lọ rí, mo sì máa ń sọ fún ọmọ mi ibi tí mo wà àti ẹni tí mo bá lọ. Mo jẹ́ kí àwọn tó dáko yí i ká dúró sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níwájú Mai Unguwa ibẹ̀. Ọkọ mi bá mi wọ̀n ọ́n. Ọ́fíìsì Mai Unguwa ni a ti tọwọ́ bọ̀wé, báǹkì ni owó gbà kọjá, kò sí nínú tòbí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a parí, ọkọ mi ní, "O ṣe dáadáa." Mo dúró kó fi nǹkan kún un. Kò fi nǹkan kún un.

Àwọn ará abúlé kò mọ orúkọ mi. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú, "ẹ̀gbọ́n Madam" ni wọ́n ń pè mí ní Hausa; òun ni Madam. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń bá mi ro oko ẹ̀wà kígbe pè mí bẹ́ẹ̀ láti òdìkejì oko. Ó ta mí lára. Mo nu ọwọ́ mi, mo dá a lóhùn, mo sì lọ wo ohun tó fẹ́ fi hàn mí: ẹ̀wà náà ti ń yọ òdòdó.