Ẹja Tí Mo Gbé Síwájú Àbúrò Bàbá Mi

Òórùn epo pupa tuntun ló gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkọ̀yà, nígbà tí òkú bàbá mi ti pé oṣù mẹ́rin nínú yìnyín ní mọ́ṣúárì Òkìtìpupa. Ẹyìn oko rẹ̀ ni wọ́n ń sè, àbúrò rẹ̀ ló sì ń kó epo náà lọ. Nínú ẹbí wa, a kì í pín oko òkú kí a tó sin ín, opó kì í sì í jáde kí ọkọ rẹ̀ tó wọlẹ̀. Inú yàrá kan ni ìyá mi wà ní gbogbo oṣù mẹ́rin yẹn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú.

Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o mọ ohun tí àbúrò bàbá mi yìí ń sọ? Ó ní lókè òkun, wọ́n ń gbé òkú sínú yìnyín, wọ́n á sì jí i lọ́jọ́ iwájú, torí náà ká má tíì sin bàbá mi. Ó ń fi fídíò rẹ̀ han àwọn àgbà lórí fóònù, wọ́n sì ń mi orí. Báólójì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, mo sì ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Omi ló pọ̀ jù nínú ara wa. Bó bá di yìnyín, á wú, á sì fa ẹran ara ya, bí ìgò omi ṣe ń bẹ́ nínú fìrísà. Àtọ̀ màlúù lè wà nínú òtútù kó tún ṣiṣẹ́, torí ohun bíńtín ni. Odidi èèyàn, kò tíì sí ẹni tó jí i rí. Wọ́n ní ìwé ti pọ̀ jù lágbárí mi.

Mo ra ẹja àrọ̀ láàyè, mo gbé e sí fìrísà fún ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé ẹbí, mo yọ́ ọ nínú omi títí ó fi rọ̀, mo gbé e sínú abọ́, mo wá kúnlẹ̀ gbé e síwájú àbúrò bàbá mi.

“Bàbá, ọjọ́ mẹ́ta péré lèyí lò. Ẹ bá wa jí i.”

Ìyá àgbà tó dàgbà jù nínú ẹbí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. “Ọma mi, gbé e lọ sè.” Ẹ̀rín gba ilé kan, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì dá ọjọ́ ìsìnkú. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun, adùn náà kò sì tíì tán lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò bàbá mi bá mi lẹ́bàá ọ̀nà, ó rọra sọ pé, “Mo mọ̀ pé kò lè jí.”

Ká ní ó gbà á gbọ́ ni, ǹ bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, torí ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni lè sọni di òmùgọ̀. Àṣé ohun tí mò ń fi ẹja kọ́ ọ, ó ti mọ̀ ọ́n ṣáájú mi. Mo máa ń kí i bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdáríjì nìkan ni mi ò ní fún un.