Ṣúgà Ìyá Mi Nínú Ààwẹ̀

Ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí ẹ̀rín lẹ́nu mi. Látìgbà tí àtọ̀gbẹ ti mú ìyá mi, iṣẹ́ tí ara wọn ń dá ṣe láti kékeré wọn ti di tèmi.

Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní girama kan níbí ní Ìwó. Mo máa ń sọ fún wọn pé ara kì í sùn. Bí ooru bá mú, á làágùn. Bí òtútù bá mú, á gbọ̀n. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré kan lẹ́yìn àpòlúkù á tu ohun tó máa fà á wálẹ̀ jáde. Bó bá sì dínkù, ẹ̀dọ̀ á ṣí àká rẹ̀, á bù sí i. Ẹni tó ni ara ò tiẹ̀ ní mọ̀. Bí mo bá kọ́ wọn tán, màá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé lọ fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ ìka ìyá mi, kí n lè mọ iye ṣúgà tó wà lára wọn. Ara ẹlòmíì ń dá tirẹ̀ ṣe. Èmi ni mò ń ṣe ti ìyá mi.

Nígbà tí ààwẹ̀ ń bọ̀, dókítà ní kí ìyá mi má gbà á. Àáfà àdúgbò wa náà wá sílé, wọ́n ní Ọlọ́run ti yọ̀ǹda aláìsàn, kí ìyá mi máa bọ́ tálákà dípò rẹ̀. Ìyá mi ní àwọn ti gbọ́. Ẹ ò mọ orí kunkun ìyá yìí.

Láràárọ̀ ni mò ń gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tì wọ́n kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Bí mo bá dé, abọ́ á ti ṣófo. Mi ò mọ̀ pé àwọn ọmọ kéwú ẹ̀yìnkùlé ló ń jẹ ẹ́. Oògùn wọn ńkọ́? Mo ti pariwo mọ́ wọn títí pé wọn ò gbọdọ̀ pa á jẹ, wọn ò sì pa á jẹ. Bí mo bá ń jẹ sàárì ní kíṣìnì, wọ́n á ṣe bí ẹni tó sùn ní yàrá, wọ́n á fi omi lásán gbé oògùn mì, wọ́n á gba ààwẹ̀ lé e. Oògùn wá ń fa ṣúgà wálẹ̀ nínú ara tí oúnjẹ ò wọ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo dé lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo bá wọn lórí ẹní. Òógùn tútù bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń pè mí ní orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú. Mo yẹ̀ wọ́n wò: ṣúgà ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Mo sáré po ṣúgà mọ́ omi nínú kọ́ọ̀bù. Wọ́n pa ẹnu dé.

"Oòrùn ò tíì wọ̀," ni wọ́n wí.

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ tó yé mi. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni?" Wọ́n kọjú sí ògiri. Bí mo bá fipá rọ ọ́ sí wọn lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà èémí wọn lọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo bọ́ sí pálọ̀, mo wá ìpè ìrun lórí fóònù mi, mo gbé e sójú fèrèsé kó lè dún bí ẹni pé láti mọ́ṣáláṣí ni. Mo padà lọ bá wọn. "Màmá, wọ́n ti pè é." Mo na kọ́ọ̀bù sí wọn, omi ń dà sórí ẹní. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní "Bísímílláhì," wọ́n sì mu ún.

Díẹ̀díẹ̀, òógùn gbẹ, ojú wọn wálẹ̀, wọ́n pè mí ní orúkọ mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ti fi ìpè Ọlọ́run tan ìyá mi jẹ.

Oòrùn wọ̀. Ládàní wa wúkọ́ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn bó ṣe máa ń ṣe, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun. Mi ò mọ ibi tí màá gbé ojú sí.

"Ládàní yìí kì í pè é láìwúkọ́," ìyá mi ní. "Mo mọ̀ pé fóònù ni."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi mu ún?"

"Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n ju tèmi lọ."

Wọ́n ti kọ́ọ̀bù náà sọ́dọ̀ mi. Omi ṣúgà ṣì kù nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Gbà, ṣínu. Ìwọ náà ò tíì jẹ nǹkan kan látàárọ̀."