Oògùn Tó Sọ Àbúrò Mi Di Dúdú

Pupa ni àbúrò mi obìnrin. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe ní Kpakungu, ní Minna. Àwọ̀ ibì kan ṣí lápá rẹ̀. Nígbà tí áyọ́ọ̀nù jó o níbẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tó lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní kó pa ojú dé, ó fi òwú kan ibẹ̀. Kò mọ̀ pé nǹkan kàn án. Ẹ̀tẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì rọra sọ fún un pé oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń wò ó sàn bí a bá lò ó fún ọdún kan láì dá a dúró. "Á sọ ẹ́ di dúdú. Má bẹ̀rù, àwọ̀ rẹ á padà tó bá yá."

Èmi nìkan ló sọ fún. Ọkùnrin ará Dutsen Kura tó ti wá tọrọ rẹ̀ kò mọ̀.

Nígbà tó yá, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀bù kejì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀ rẹ̀ ṣeré.

"Haba, Àǹtí, ìpara wo lẹ ń lò? Àwa ń náwó ká lè di pupa, ẹ̀yin ń padà sẹ́yìn."

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní oòrùn Minna ni.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku oṣù mẹ́ta, mo rí i pé kò fọwọ́ kan oògùn mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n fi àwọ̀ ara mi ṣe ìyàwó ná. Lẹ́yìn ìyẹn, màá lò ó."

"Àwọ̀ á padà. Ìka ńkọ́?"

"Kí ló ṣe ìka mi? Ẹ wò ó." Ó nà wọ́n síwájú mi. Wọ́n nà lóòótọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ọjọ́ yìgì pé, àwọ̀ náà kò tíì padà, nítorí oògùn yẹn kì í tètè kúrò lára. Ọkọ rẹ̀ kò sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ àwọ̀ títí di òní.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀lé e ká kò. Nígbà tí a padà lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kò bá a wí. Ó di ọwọ́ náà mú, ó ní oògùn á ṣì pa àrùn náà, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí ìka.

Ó ti lo oògùn náà tán báyìí. Ara rẹ̀ ti yá. Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń lọ bá a gé aṣọ. Yóò jókòó tì mí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí itan.

"Ẹ má gé e níbẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún etí aṣọ."

Màá sì sún àlùmọ́gàjí síwájú díẹ̀.