Owó tí Mò Ń Rí, tí Ọwọ́ Mi Ò Tó

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ìṣirò rẹ́ ẹ jẹ ní ọjà Gbégamey. Bàtà ọmọdé ló ń tà. Dàda ni mò ń pè é, bí àwa tí a dàgbà sí Kútọnu ṣe máa ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin. Èdè àwọn Fọn ni, ó ti di tiwa. Láti Ṣakété ló ti wá mú mi nígbà tí ìyá wa kú, tí mi ò tí ì lè so okùn bàtà ara mi. Òun ló wẹ̀ mí, òun ló fi mí sí iléèwé. Nítorí náà, nígbà tí òwò di ohun tí wọ́n ń fi fóònù ṣe, èmi ni mo di ojú rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe bàtà fún wa ní Ṣáínà ni wọ́n sọ pé àwọn ò fẹ́ owó báǹkì mọ́. Mi ò bá wọn jà sí i. Báǹkì á gbowó lọ́wọ́ rẹ lónìí, á béèrè ìwé lọ́la, tó bá di ọ̀túnla wọ́n á ní ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó. Kírípítò ni wọ́n fẹ́, irú èyí tí iye rẹ̀ bá dọ́là dọ́gba, tí èèyàn ń rà pamọ́ sínú fóònù. Bí o bá fẹ́ san án fún ẹnì kan, ẹni náà á fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Àdírẹ́sì yìí kì í ṣe ilé o. Lẹ́tà àti nọ́ńbà tó gùn jàn-ànràn jan-anran ni, kò ní ìtumọ̀, kò sì sí ẹni tó lè kọ́ ọ sórí. O ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ tẹ̀ ẹ́, torí bí o bá ṣi ẹyọ kan, o ti wọ gàù. Ńṣe ni wàá kọ́pì rẹ̀ níbi tó wà, kí o sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ń lọ.

Ó ní bí Dàda ṣe máa ń ṣe é. Kí n tó fi owó ránṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ jókòó tì mí lórí àpótí, kí ó fi ìka tọ́ lẹ́tà tó ṣáájú nínú àdírẹ́sì náà. Lẹ́tà T ni. Òun nìkan ni lẹ́tà tí Dàda dá mọ̀ láyé, ó ní ó jọ òpó ìsọ̀ òun. "Tí wa nìyẹn," ni yóò wí. Lẹ́yìn náà, á ní, "Bìsìmílà," èmi náà á sì tẹ̀ ẹ́. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sí báǹkì ní Kútọnu tí òǹtẹ̀ rẹ̀ lágbára tó Bìsìmílà Dàda. Mi ò sọ fún un rí pé T ni gbogbo àdírẹ́sì irú owó yìí fi ń bẹ̀rẹ̀, ti olóòótọ́ àti ti olè. Kí ni màá máa sọ ìyẹn fún?

Lọ́dún tó tẹ̀ lé èyí tí ọkọ rẹ̀ kú, a fẹ́ ṣe àdúrà ọdún fún un. Atẹ̀wé kan tó wà lẹ́bàá ọjà bá wa ṣe káàdì ìpè. Dàda ní kí n ka káàdì náà sí òun létí. Mo là á, mo sì pa á dé. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ "ọkọ mi àtàtà" sí, "oko mi àtàtà" ni ọmọkùnrin yẹn tẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá tutù á kà á sí oko tí à ń ro. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò bá mọ́ á kà á sí ohun tí mi ò ní kọ síhìn-ín. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Dàda, ó pòṣé títí.

"Olóògbé ni wọ́n sọ di oko? Ìwọ tí mo fi sí iléèwé, tún un kọ fún mi. Kí gbogbo àmì rẹ̀ pé."

Fóònù mi ò lè kọ ju Faransé lọ. Ó ní àmì orí, kò ní ti abẹ́. Lórí ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ṣakété tí a máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹnì kan gbé líǹkì kan sí i: pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá, ọ̀fẹ́, gbogbo àmì ló pé sí i. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbà á wọlé. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Èmi tí mo máa ń bá èèyàn fa ọ̀rọ̀ lórí àmì kan ṣoṣo, mo wá rí ohun tí mò ń wá. Káàdì náà jáde bó ṣe yẹ, àwọn ará Ṣakété ń gbé e yí ká, wọ́n ń béèrè ta ló kọ ọ́. Pátákó náà sì jókòó sínú fóònù mi.

Kò pẹ́ sígbà náà tí a fẹ́ sanwó bàtà ìwọlé iléèwé. Ìyẹn ni owó tó tóbi jù tí Dàda máa ń san lọ́dún, torí èrè rẹ̀ ló máa ń gbé ilé wa dé ọdún kejì. Òjò ń rọ̀, omi ti gba iwájú ìsọ̀, kò sí oníbàárà. Mo kọ́pì àdírẹ́sì ará Ṣáínà, mo lẹ̀ ẹ́. Dàda na ìka. "Tí wa nìyẹn. Bìsìmílà." Mo tẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ará Ṣáínà ní òun ò rí nǹkan kan. Mo bínú. Mo fi ẹ̀rí ìsanwó ránṣẹ́ sí i, mo sì kọ ọ̀rọ̀ tó le mọ́ ọn. Ó dáhùn pé àdírẹ́sì tó wà lórí ẹ̀rí náà kì í ṣe tòun. Mo gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Yàtọ̀ sí T iwájú, kò sí ibi tí wọ́n ti jọra.

Mo tún kọ́pì àdírẹ́sì ará Ṣáínà, mo lẹ̀ ẹ́ sórí ìwé òfìfo. Èyí tó jáde kì í ṣe èyí tí mo kọ́pì. Mo kọ́pì àdírẹ́sì tèmi gan-an, ti olè náà ló tún jáde. Mo kọ "Dàda", mo kọ́pì rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́: Dàda jáde láìyingin. Ohun yòówù tó wà nínú fóònù yẹn, ó mọ ọ̀rọ̀, ó sì mọ owó, owó nìkan ló ń pààrọ̀. Mo yọ pátákó ìtẹ̀wé náà kúrò, mo tún dán an wò. Àdírẹ́sì ará Ṣáínà jáde bó ṣe wà. Mo jókòó sílẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí bí ọmọ kékeré.

Ẹni tí wọ́n bá ja lólè lọ́jà kì í rí owó rẹ̀ mọ́. Ti kírípítò ò rí bẹ́ẹ̀. Ojúewé kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti gbogbo ayé, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wo iye tó wà nínú àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni. Mo lọ síbẹ̀, mo rí owó wa. Ó pé pérépéré, olè náà ò tí ì fọwọ́ kàn án. Inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀. Mo rò ó pé bí Dàda bá fi ojú ara rẹ̀ rí i, á mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo ná an. Mo gbé fóònù lọ bá a ní ìsọ̀.

"Dàda, ẹ má bínú. Owó bàtà ti bọ́ sọ́wọ́ olè. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, òun nìyí."

Dàda mọ nọ́ńbà dáadáa. Ó fi ìka tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Owó mi gan-an rè é?"

"Òun gan-an ni."

"Ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Lọ gbé e wá."

"Kò ṣeé gbé, Dàda. Ẹni tó ni àdírẹ́sì yẹn nìkan ló lè ṣí i."

"Ta ló ni ín?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n."

Ó wò mí. "O ò mọ onílé, o ò mọ àdúgbò, ṣùgbọ́n ò ń rí ohun tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pátákó ìtẹ̀wé. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ ọ létí ara mi, tó ń dún bí irọ́. Àwọn àgbà ti wí i pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ní ọjà gan-an ni mo sì gbé tèmi lọ.

"Àmì abẹ́ lẹ́tà ló jí owó mi?"

"Kì í ṣe àmì, Dàda. Ohun tí mo fi kọ ọ́ ni. Èyí tí mo fi tún káàdì yẹn kọ."

"Káàdì ọkọ mi."

"Òun ni."

Ó to bàtà kan tó ti wà lójú ìlà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òkú ọkọ mi ṣe àwáwí."

Mo wẹ̀yìn. Mo rò pé àgbàlagbà kan dé, tí Dàda ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn mi.

Láti ọjọ́ náà ni Dàda ti ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni tó tọ́ mi dàgbà, tó ti nà mí ní ẹgba, tí kò pè mí ní nǹkan mìíràn rí ju "ìwọ" lọ, ló ń kí mi ní òwúrọ̀ nínú ilé wa ní Agblangandan pé, "Ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Àwọn ará ilé rò pé ó ń bá mi ṣeré ni, wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé mo ti di Alájì. Wọn ò mọ nǹkan kan. Bí à ń pe àlejò nìyẹn, bí à ń pe agbowó-orí nìyẹn, ẹni tí èèyàn ń ṣọ́ra fún. Kò bú mi. Kò fi ẹjọ́ mi sun ẹbí. Ó ń gbé oúnjẹ mi sílẹ̀ bí ó ti ń ṣe. Ì bá bú mi, ì bá gbá mi létí, ì bá sàn fún mi. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ń ti Fidjrossè wá báyìí láti bá a sanwó ọjà.

A jọ lọ sí kọmisaríà. Ọlọ́pàá béèrè ẹni tí a fura sí. Kí n tó la ẹnu, Dàda ti fi èdè Fọn dá a lóhùn pé kí ó bi mí, pé èmi ni mo mọ ibi tí owó wà. Ọlọ́pàá náà gbé ojú sókè, ó wò mí dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìtìjú bá mi, inú sì bí mi, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Mo wá sọ ara mi di ọlọ́dẹ owó olè. Bí mo bá jí, ojúewé yẹn ni mo ń kọ́kọ́ ṣí. Bí mo bá wà nínú ọkọ̀, mò ń wò ó. Mo mọ̀ pé kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i, síbẹ̀ mò ń ṣọ́ ọ, torí níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níbẹ̀, ó dà bíi pé ohun kan ṣì lè yí padà láàárín èmi àti Dàda.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ṣí i, mo rí òdo. Wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Mo gun sẹmijan, mo ní kí ọlọ́kadà náà sáré. Nígbà tí mo dé ìsọ̀, ẹkún ló jáde, èmi àgbàlagbà, lójú gbogbo ọjà.

"Ó ti lọ, Dàda. Wọ́n ti kó o lọ."

Dàda dìde. Ó fà mí jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú mi, bó ṣe máa ń nù ún ní ọdún tí ìyá wa kú. Ó ní kí obìnrin ìsọ̀ kejì bá òun mú omi tútù wá, ó fi eyín ja etí ọ̀rá omi náà, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo mí kanlẹ̀. Mo rò pé ó ti parí, ẹ̀gbọ́n mi ti padà wá.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí àwọn tó wà nítòsí má baà gbọ́.

"Ẹ má sunkún mọ́," ló wí. "Bí ẹ bá ti ná an, ẹ ti ná an. Mo ti dárí jì yín."