Tíkẹ́ẹ̀tì Táyé

Òórùn èédú ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn ní stéṣàn Ọ̀fà láyé ìgbà náà, kí a tó fojú kan ọkọ̀ ojú irin rárá. Ìwọ náà á rántí, nítorí a jọ sá lọ wò ó nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, tí àwọn àgbà ń pariwo lẹ́yìn wa pé kí á má sún mọ́ ọn. Nígbà tí mo wá di ìyá ọmọ, tí mo ń rẹ aṣọ láró lẹ́yìn ilé ọkọ mi, èéfín rẹ̀ máa ń wá bá mi nídìí ìkòkò, á dà pọ̀ mọ́ òórùn aró tó ti kan. Mo máa ń mọ ìgbà tí ọkọ̀ wọlé àti ìgbà tó jáde láìgbé ojú sókè. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé èmi náà lè wọ̀ ọ́.

Bí o bá ní kí n ròyìn ọdún mẹ́ta yẹn fún ọ, ìròyìn náà kò ní gùn, nítorí n kò rántí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ lọ. Inú rẹ̀ ló wú, a sì fún un ní gbogbo àgbo tó wà láti Ọ̀fà dé Ìjàgbò. Mo jáde opó tán, mo ní kí n mí díẹ̀, ni èéyi bá wọ agbo ilé wa, ó sì dá àwọn ìbejì mi méjèèjì dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n. Kẹ́hìndé dìde. Táyé kò dìde.

O mọ àṣà wa. Wọn kò jẹ́ kí n sunkún. Àwọn ìyá ilé yí mi ká, ọ̀kan nínú wọn di ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọ́n ní bí omi bá fi lè bọ́ lójú mi pẹ́nrẹ́n, èyí tó kù yóò bá ẹnì kejì rẹ̀ lọ. N kò gbọdọ̀ dárúkọ ikú mọ́ ọn. Ohunkóhun tí mo bá sì ṣe fún Kẹ́hìndé, mo gbọ́dọ̀ ṣe irú rẹ̀ fún Táyé: bí mo bá bu ẹ̀kọ, kí n bù ú sí awo méjì, bí mo bá rán bùbá, kí n rán méjì. Mo gbé ẹkún náà mì. Ó há sí mi láyà bí òkèlè tí kò rí omi tì í, láti ọjọ́ náà ni ara mi sì ti kú. Mo gbé ìkòkò kúrò lórí iná lọ́jọ́ kan láìfi nǹkan dì í mú, ìgbà tí awọ ọwọ́ mi bó ni mo tó mọ̀ pé ó gbóná. Aró tí mo ń pa, imú ni mo fi ń mọ èyí tó gbó, ojú mi kò rí àwọ̀ mọ́. Àwọn ènìyàn ń yìn mí, wọ́n ní mo ní ọkàn akin. Ọkàn akin kọ́ o, n kò rí ọkàn kankan lò ni.

Ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé ló wá di wàhálà. Ọmọ náà pa eré tì. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀, á fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Bí a bá gbé awo oúnjẹ méjèèjì kalẹ̀, á kàn tọ́ tirẹ̀ wò, á ní Táyé kò tíì jẹ, á sì ti méjèèjì síwájú. Eegun ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Gbogbo ilé mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù, kò sí ẹni tó jẹ́ sọ ọ́. Èmi náà ń rí i. Bí ẹni ń wo ọmọ aládùúgbò ni mo ṣe ń wò ó, ìyẹn ló sì ń dẹ́rù bà mí títí dòní tí mo bá rántí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló wá bá mi nídìí aró láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kúnkúndùnkún ló ń tà, ó máa ń fi rélùwéè kó o lọ sí Jẹ́bà, ẹnu rẹ̀ sì mú débi pé àwọn ọkùnrin ilé pàápàá máa ń yà fún un.

"Ìyá Ìbejì, ọmọ yìí ń lọ o."

"Mo rí i, Ẹ̀gbọ́n."

"O rí i, o sì jókòó. Inú ọmọ ò dùn, ìwọ náà ò sì ní inú dídùn kankan tí o fẹ́ bù fún un. Lọ́la, ẹ̀yin méjèèjì ń bá mi lọ Jẹ́bà. Ẹ ń lọ wo odò Ọya àti afárá irin."

"Kí la fẹ́ ṣe níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ ò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ ó kàn wò ó ni."

Gba ti wa rò. Ta ló ń wọkọ̀ nígbà náà nítorí pé ó fẹ́ wo nǹkan? Ọjà ló ń gbé ènìyàn jáde, tàbí òkú, tàbí ìkómọ. Ìyá ọkọ mi bi wá lẹ́ẹ̀mẹta pé ta ló kú ní Jẹ́bà. Nígbà tí a sọ fún un lẹ́ẹ̀kẹta pé kò sẹ́ni tó kú, ó mi orí, ó ní kí á kí àwọn ẹbí òkú fún òun.

Ìdájí la dé stéṣàn. Akọ̀wé tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bi mí láti ojú ihò rẹ̀ pé àgbà mélòó, ọmọ mélòó. Mo ní, "Àgbà méjì, ọmọ méjì." Ó ti mọ́ mi lẹ́nu. Gbogbo nǹkan ni mo ti ń ṣe ní méjì-méjì láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀gbọ́n wò mí, ó sanwó. Ìgbà tí páálí kékeré mẹ́rin wà lọ́wọ́ mi ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Mo lè dá ọ̀kan padà, ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ sọ fún akọ̀wé náà ìdí tí ọmọ kejì kò fi ní wá, Kẹ́hìndé sì di aṣọ mi mú, ó ń gbọ́. Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì méjì lé e lọ́wọ́, a wọlé.

Etí fèrèsé ni Kẹ́hìndé jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì onígi, ó sì fi àyè sílẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ọkọ̀ kún. Bàbá kan tó gbé àgò adìyẹ dání fẹ́ jókòó síbẹ̀, ọmọ náà sì gbé ọwọ́ lé e. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹnì kan wà níbẹ̀." Bàbá náà kùn títí ó fi rí àyè níwájú wa. Nígbà tí a dé Ìlọrin, tí gbogbo ọkọ̀ ń nà ọrùn láti wo ìlú, Ẹ̀gbọ́n yí ojú sí apá kejì, kò sì yí i padà títí a fi kúrò níbẹ̀, nítorí bàbá wọn bá ogun tí Ìlọrin gbé ja Ọ̀fà níjọ́sí lọ. Èmi wo Ìlọrin. Ilé ni mo rí, àti òrùlé, kò sì ṣe mí bákan.

Lẹ́yìn Ìlọrin ni ọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dé fìlà dúdú, ó mú irin kékeré tó fi ń lu ihò sí páálí dání. Ẹ̀gbá ni, ẹnu rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n.

"Tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ méjì nìyí, Ìyá. Ọmọ kejì dà?"

Aládìyẹ ti ń sọ pé òun kúkú ti mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Kẹ́hìndé fi àtẹ́lẹwọ́ lu bẹ́ǹṣì jẹ́jẹ́. "Ó wà níbí."

Ọkùnrin náà wo bẹ́ǹṣì. "Kí lorúkọ ẹ?"

"Kẹ́hìndé ni, sà."

Ó wo bẹ́ǹṣì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wo ojú mi. Ó wá gba tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ó lu ihò sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dá wọn padà fún ọmọ náà. "Sọ fún Táyé kó má yọ orí síta jù o," ó ní, ó sì kọjá lọ. Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pọ̀, bóyá eyín méjì ló hàn, ṣùgbọ́n n kò rí irú rẹ̀ láti ọdún kan àti ààbọ̀. N kò ní purọ́ fún ọ, n kò tíì mọ nǹkan kan lára síbẹ̀. Mo kàn rí i pé ó rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ rọra, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yí padà, a ti gun afárá, ilẹ̀ kò sí lábẹ́ wa mọ́. Odò Ọ̀yun ni odò tí mo mọ̀, èyí tí a máa ń fẹsẹ̀ là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Omi náà tẹ́ lọ títí, àwọn Tápà ń fi ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ pẹja lórí rẹ̀, àpáta ńlá kan sì dá dúró láàárín omi gedegbe. Etí odò pọ́n fún yẹ̀pẹ̀. Àárín rẹ̀ dúdú bí aró tó gbó dáadáa, ìyẹn aró tí ènìyàn lè rẹ ogún aṣọ sí kó má ṣàá. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Kẹ́hìndé ti dìde dúró lórí bẹ́ǹṣì, ó ń kígbe, "Táyé, wò ó! Wò ó!" Mo yọ orí síta, kí èmi náà lè wò ó dáadáa.

Ni eérú ọkọ̀ bá kó sí mi lójú. Omi bọ́. Mo nù ún, òmíràn bọ́, èyí tó tẹ̀ lé e kì í sì í ṣe ti eérú mọ́. Ọkàn mi já. Mo fi gèlè dí ojú, mo ń wá bí mo ṣe máa gbé e mì bí mo ti gbé e mì tẹ́lẹ̀, kò gbà.

"Ẹ̀gbọ́n," ni mo ṣáà lè sọ.

"Eérú ni."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ń..."

"Mo ní eérú ni!" Ó gbé ohùn sókè kí gbogbo ọkọ̀ lè gbọ́, àtàwọn tí ojú wa kò rí pẹ̀lú. "Eérú ti kó sí ìyàwó wa lójú o! Bí ọkọ̀ yìí ṣe máa ń ṣe ènìyàn nìyẹn. Gbé gèlè yẹn kúrò lójú, jẹ́ kó ṣàn."

Àwọn èrò ń kí mi pẹ̀lẹ́. Aládìyẹ na aṣọ ìnujú rẹ̀ sí mi. Mo sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ afárá títí dé òpin rẹ̀, mo sun ti ọkọ mi mọ́ ọn, kò sì sẹ́ni tó lè ní mo sunkún. Ìgbà tí mo máa wo ẹ̀gbẹ́ mi, Ẹ̀gbọ́n náà ti yọ orí síta, eérú sì ti kó sí òun náà lójú. Àbúrò rẹ̀ lọkọ mi. N kò tíì rò ó rí pé kò sẹ́ni tó béèrè bí ikú náà ṣe dun òun náà tó. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: omi ń bọ́ lójú mi, inú mi sì dùn, nítorí odò náà dára.

Ọjọ́ méjì la lò ní Jẹ́bà, a ń wo omi, a ń wo bí wọ́n ṣe ń ju àwọ̀n. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Kẹ́hìndé jẹ ẹja tirẹ̀ tán, ó fa awo Táyé mọ́ra, ó sì jẹ ìyẹn náà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa padà, ó ní òun fẹ́ lọ sétí odò. Mo dúró lókè, mo ń wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀, ó ń nàka sí nǹkan, ó ń dá sọ̀rọ̀.

Ní stéṣàn, akọ̀wé bi wá pé ọmọ mélòó. Mo la ẹnu.

"Ọ̀kan," ni Kẹ́hìndé wí.

Mo wo ilẹ̀, mo wò ó. "Táyé ńkọ́?"

"Ó fẹ́ràn odò yẹn. Mo ní kó dúró máa wò ó, pé a ó máa wá kí i."

Ìwọ náà mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé ṣáájú láti wá wo ayé. Bó bá ní kí àbúrò òun dúró síbì kan, ta ni èmi tí mo bí wọn láti ní kí ó má dúró? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ̀rọ̀," ó sì san ti ọmọ kan. Mo di ọwọ́ Kẹ́hìndé mú wọnú ọkọ̀. Ọwọ́ náà gbóná, mo sì mọ̀ ọ́n lára.

Kì í ṣe pé ara mi jí lọ́jọ́ yẹn kò sì tún kú mọ́. Ó tún kú lọ́pọ̀ ìgbà, oṣù mìíràn wà tí mo ń rẹ aṣọ láìmọ ohun tí mo ń rẹ. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ibi tí ayọ̀ wà, mo sì mọ̀ pé ó níye wákàtí tí ọkọ̀ fi ń débẹ̀. A lọ kí Táyé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. A tún lọ wo Ìbàdàn, a lọ wo òkun l'Ékòó, èmi àti Kẹ́hìndé tó ti wá di ìyá ọmọ báyìí. Wọ́n ní Ìyá Ìbejì ò gbélé mọ́. Títí ìyá ọkọ mi fi lọ, kò yéé bi mí pé ta ló kú níbẹ̀, èmi náà kò yéé dá a lóhùn pé mo kàn ń lọ wò ó ni. Etí fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí, ní apá ibi tí eérú ń fẹ́ sí, n kì í sì í fi gèlè bojú.